Pàpá Tó Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní Irolu

Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ,
11 Fẹ́búárì, 1985.

Olúdọ̀tun àbúrò mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò ṣe ọ́ níṣe jù? Ọkọ mi àti àwọn ọmọ ní kí n kí ọ. Mo ti kí ọ tán nìyẹn. Inú ń bí mi, mi ò sì lè fi í pamọ́ dé ìparí ìwé.

Ta ló ní kí o kọ̀wé sí Pàpá lẹ́yìn mi? O mọ̀ pé èmi ni mo ń gbé e lọ sí Ìbàdàn láti oṣù Kọkànlá. Èmi ni mo ń jókòó tì í nígbà tí ìrora bá mú un lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí tíṣà tó fi pàṣán na ìdajì ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ á máa yí lórí ẹní bí ọmọ ọwọ́. Dókítà Owólabí ya fọ́tò inú rẹ̀, ó gbé e sójú iná, ó sì fi han àwa méjèèjì. Òkúta ti kún inú kíndìnrín òsì. Ó tóbi ju awẹ́ obì gbànja lọ, ó sì yọ ọmọ káàkiri bí ata ilẹ̀. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni yóò gbé e jáde, ó sì fún wa ní ọjọ́ nínú oṣù Kẹta. Pàpá gbà. Ó tilẹ̀ ti ń ṣàwàdà pé kí wọ́n fọ òkúta náà fún òun, òun á máa fi tẹ ìwé mọ́lẹ̀ lórí tábìlì.

Ìwé rẹ wá dé. Láti ọjọ́ yẹn Pàpá kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ abẹ mọ́. Ẹ̀rọ, ẹ̀rọ, ẹ̀rọ. Ó ní ọmọ òun wà ní ibi tí wọ́n ti ń gbé èèyàn sínú omi gbígbóná, tí ẹ̀rọ á máa lu òkúta láti ìta, tí òkúta á di iyanrìn, tí èèyàn á sì tọ̀ ọ́ dànù láìní ojú ọgbẹ́ kankan. Ó ní ta ni yóò wá jẹ́ kí wọ́n la òun nínú bí adìyẹ?

Dọ̀tun, mi ò sọ pé irọ́ ni ẹ̀rọ náà. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bèèrè: ṣé ó lè fọ́ irú òkúta tí Pàpá ní? Iṣẹ́ fọ́tò ẹ́síréè ni o ń ṣe ní ilé ìwòsàn yẹn, ìwọ kì í ṣe dókítà. Mo ti gba fọ́tò Pàpá lọ́wọ́ Dókítà Owólabí. Yétúndé, ọ̀rẹ́ mi tó ń padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ló ń mú un bọ̀ pẹ̀lú ìwé yìí. Gbé e lọ fún ọ̀gá yín tó ń lo ẹ̀rọ náà, kí o sì kọ ohun tó bá sọ ránṣẹ́ sí mi. Èmi ni kí o kọ ọ́ sí o, kì í ṣe Pàpá.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Láídé.


Lọ́ńdọ̀nù,
28 Fẹ́búárì, 1985.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Pàpá. Mo kí ọkọ yín, mo kí àwọn ọmọ. Òtútù ń bẹ, ṣùgbọ́n ìwé yín gbóná tó láti fi yá iná.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó bínú sí i. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà yọ òkúta níbí. Àkọ́kọ́ ni ọ̀bẹ tí ẹ mọ̀. Èkejì, wọ́n á lu ihò kékeré sẹ́yìn aláìsàn, wọ́n á sì ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ yìí. Ọ̀gá wa ń ṣe ìwádìí ńlá kan lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ń kó gbogbo ẹni tí wọ́n ti tọ́jú jọ, ó fẹ́ mọ èyí tó dára jù, èmi gan-an ni mo sì ń bá a to àwọn fọ́tò wọn. Mo fi ojú ara mi rí i, Àǹtí. Àwọn tí òkúta wọn tán lábẹ́ ẹ̀rọ pọ̀ ju àwọn tí òkúta wọn tán lábẹ́ ọ̀bẹ lọ. Bàbá arúgbó kan wọ inú omi lọ́jọ́ Ajé, kí ọ̀sẹ̀ tó parí ó ti ń gé òdòdó nínú ọgbà rẹ̀. Àwọn tí wọ́n là ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń kérora, ojú ọgbẹ́ wọn gùn láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀yìn.

Ayé ti kọjá ibi tí ẹ bá a dé nílé, Àǹtí mi. Dókítà Owólabí ń ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ nígbà tiẹ̀, mi ò bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kan Pàpá. Mo ti kọ̀wé sí Pàpá pé kí wọ́n máa múra. Nínú oṣù Karùn-ún ni mo fẹ́ kí wọ́n wọ inú omi náà.

Yétúndé ti dé. Fọ́tò náà wà lọ́wọ́ mi.

Àbúrò yín,
Dọ̀tun.


Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ,
15 Éépùrù, 1985.

Olúdọ̀tun,

Gbogbo wa wà. Kí ìwọ náà wà.

Mo ní èmi ni kí o kọ̀wé sí, o tún kọ ọ́ sí Pàpá. Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé, ó ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí, ó ní òun ń kàwé. Èmi nìkan ni mo lọ sí Ìbàdàn lọ bẹ Dókítà Owólabí. Ó ti gbé bẹ́ẹ̀dì fún ẹlòmíràn. Kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Ìyáàfin, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o. Òkúta yẹn ń ba ilé tó wọ̀ sí jẹ́." Mo ń rántí ọ̀rọ̀ yẹn tí mo bá ń rokà, tí mo bá wà níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé mi.

Gbọ́ ohun tí o dá sílẹ̀ báyìí. Ní ọjọ́ Àjíǹde, Pàpá ṣe ìdúpẹ́ ìrìnàjò. O mọ bí a ṣe ń ṣe é níbí, ẹni tó ń lọ sókè òkun kì í yọ́ lọ. Fíkà pè é síwájú, ẹgbẹ́ akọrin kọrin, gbogbo ìjọ tò lọ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nítorí pé òun ni òǹkàwé ìjọ, wọ́n ní kó sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ títí. Ó mú adágún tí áńgẹ́lì máa ń wá rú, tí aláìsàn á wọ̀ tí ara rẹ̀ á dá, ó ní àwọn òyìnbó ti rí áńgẹ́lì náà mú, wọ́n ti so ó mọ́ iná mànàmáná. Àwọn èèyàn pariwo halelúyà. Àwọn obìnrin ìjọ fún un ní àpótí tuntun, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ra kóòtù òtútù fún un. Nínú ooru yìí, Pàpá ń wọ kóòtù náà jókòó ní pálọ̀. Ó ń làágùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo wo ìwé rẹ nílẹ̀ lókè, mi ò rí ìdáhùn mi. O ní fọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ. Ọwọ́ rẹ kọ́ ni mo fi ránṣẹ́ sí. Ṣé ọ̀gá yín ti rí i? Kí ló sọ? Ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n mú fún Pàpá?

Láídé.


Lọ́ńdọ̀nù,
9 Méè, 1985.

Àǹtí mi,

Mo kí yín o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò kí mi dáadáa.

Ta ló ní kí Pàpá ṣe ìdúpẹ́ kí n tó mú ọjọ́? Mo sọ pé mo fẹ́ kó jẹ́ oṣù Karùn-ún, mi ò sọ pé ó ti bọ́ sí i. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà. Àwọn tó ń gbé ìlú yìí ló ń ṣáájú, wọ́n sì tò lọ rẹrẹẹrẹ. Wọ́n ti sún àwọn tó ń bọ̀ láti ìta di oṣù Kẹsàn-án. Ẹ bá mi sọ fún Pàpá kí wọ́n ní sùúrù. Òkúta tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mélòó kan, ṣé oṣù mẹ́rin ló fẹ́ pa èèyàn?

Ní ti fọ́tò, ọ̀gá wa kò tíì ráàyè. Ẹ ò mọ bí ibí ṣe rí, Àǹtí. Nílé, ẹ lè dúró lẹ́nu ọ̀nà Dókítà Owólabí kí ẹ bẹ̀ ẹ́. Níbí, èmi ni aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo nínú yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá pè mí, mo lọ. Bí wọn ò bá pè mí, mi ò kì í kan ilẹ̀kùn ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n mọ ìgbà tí màá gbé e wọlé.

Ẹ má kọ irú ìwé yẹn sí mi mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Mo ń gbìyànjú.

Dọ̀tun.


Irolu,
3 Júùnù, 1985.

Ọmọ mi Olúdọ̀tun,

Àlàáfíà fún ọ, àti fún gbogbo àwọn tó ń ṣe rere sí ọ ní ilẹ̀ àjèjì.

Bí o ti rí i lókè, Irolu ni mo ti ń kọ ìwé yìí, nínú ilé oko bàbá mi. Má jẹ́ kí ó yà ọ́ lẹ́nu. Ìjọ ti sìn mí, wọ́n ti gbàdúrà fún mi, wọ́n ti fún mi ní kóòtù. Nígbà tí oṣù Karùn-ún ń lọ tí èmi ṣì ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé, "Pàpá, ẹ ò tíì lọ?" Ìgbà tí ọmọ tí mo kọ́ ní A, B, D bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ẹ̀rín, mo mọ̀ pé mo ní láti lọ. Mo kó àpótí mi, mo juwọ́ sí wọn, mo ní kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ sìn mí dé pápákọ̀ òfurufú. Mo wọ ọkọ̀ dé Ṣàgámù. Mo sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, mo sì wọ ọkọ̀ mìíràn wá síbí ní ìrọ̀lẹ́. Láídé àti ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Ìwé kan wà nínú ìwé yìí tí mo kọ sí Fíkà àti gbogbo ìjọ. Fi sítám̀pù Lọ́ńdọ̀nù lẹ̀ ẹ́, kí o sì fi í ránṣẹ́. Mo sọ nínú rẹ̀ pé mo dé láyọ̀, mo wọ inú omi náà, ara sì ń tù mí. Kì í ṣe irọ́ ni mo pa. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ni mo sọ ṣáájú àkókò rẹ̀, àwọn wòlíì náà sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó kù ọ́ kù ni pé kí o sọ ọ́ di òótọ́.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bá ọ wí. O kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ ṣeré pẹ̀lú bàbá rẹ. Mo ti fi ẹnu mi sọ ọ́ ní orí pẹpẹ pé ọmọ mi ní ọ̀nà níbẹ̀. Bí o kò bá ní ọ̀nà, o yẹ kí o ti sọ fún mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo tọ ẹ̀jẹ̀. Má sọ fún Láídé.

Èmi ni bàbá rẹ.


Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ,
22 Júláì, 1985.

Dọ̀tun,

Mi ò kí ọ.

Lánàá ọjọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kejì, Fíkà na àpò ìwé kan sókè, ó ní ẹ̀yin ará, Pàpá wa ti kọ̀wé láti Lọ́ńdọ̀nù. Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ló ń tàn mí. Ó ka gbogbo rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe gbé Pàpá sínú omi, bí omi náà ṣe lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí nọ́ọ̀sì òyìnbó kan ṣe fún un ní tíì oníwàrà. Ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú, mo gbé ọbẹ̀ lọ bá Pàpá ní Irolu! Mo fọ aṣọ rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀! Ìjọ dìde, wọ́n kọrin ọpẹ́, èmi náà dìde. Mo kọrin, Dọ̀tun. Ìwọ àti Pàpá sọ mí di òpùrọ́ nínú ilé Ọlọ́run, níwájú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ pé kí wọ́n máa sọ òótọ́.

Pàpá dàgbà, ẹ̀rù sì ń bà á, ojú sì ń tì í. Mo lè gbé tiẹ̀ mì. Ìwọ ńkọ́? O gba ìwé náà, o kà á, o mọ̀ pé irọ́ ni, o lọ ra sítám̀pù, o fi ahọ́n rẹ lá a, o lẹ̀ ẹ́. Kí ló ń ṣe ọ́?

Kò tán síbẹ̀. Awakọ̀ kan ń jẹ́ Fàsásì, ìdíkọ̀ ńlá tó wà ní ìkóríta márosẹ̀ Ṣàgámù ló ti ń gbé èrò. Òun náà ní òkúta. Èrò kan nínú ọkọ̀ rẹ̀ ló ròyìn ìwé Pàpá fún un, ó sì wá bá mi nílé ní òwúrọ̀ yìí, ó fìlà sọ́wọ́. Ó ní wọ́n fẹ́ la òun, òun kò lọ mọ́, kí n bá òun gba àdírẹ́sì ọmọ Pàpá tó wà nídìí ẹ̀rọ. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Mo ní kó padà wá. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ibà ti mú Pàpá báyìí. Ó ń gbọ̀n pẹ̀lú kóòtù náà lọ́rùn. Mo kúnlẹ̀, mo ní Pàpá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìbàdàn. Ó jágbe mọ́ mi: "Mée lọ ibì kankan! Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà!" Ọlọ́run ló mọ̀ pé kì í ṣe ibà ló sọ ọ́. Ó mọ ohun tó ń sọ. Bí a bá gbé e gba Ìkẹ́nnẹ́ kọjá, wọ́n á rí i.

Ìgbà kẹta tí mo ń bèèrè nìyí. Ṣé ọ̀gá yín ti rí fọ́tò náà? Bí kò bá tíì rí i, lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n lé ọ níṣẹ́. Kan ilẹ̀kùn, Dọ̀tun!

Láídé.


Lọ́ńdọ̀nù,
10 Ọ́gọ́ọ̀sì, 1985.

Àǹtí mi,

Mo ti fi wáyà ránṣẹ́, bóyá yóò ṣáájú ìwé yìí dé. Bí kò bá tíì dé, ẹ má ka ìyókù, ẹ gbé Pàpá lọ bá Dókítà Owólabí. Kí wọ́n là wọ́n. Lónìí.

Mo kan ilẹ̀kùn. Ọ̀gá wa kò bínú rárá. Ó gba fọ́tò náà, ó gbé e sójú iná, kò tíì yọ ọwọ́ rẹ̀ lára rẹ̀ tó fi sọ pé, "Ọ̀bẹ ni. Kíákíá. Ta ló ń dá ọkùnrin yìí dúró?" Ó bi mí pé ta ni ó ni fọ́tò náà, mo ní èèyàn kan nílé ni.

Mo bi í léèrè pé ẹ̀rọ ńkọ́, ṣé kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń borí nínú ìwádìí rẹ̀? Ó wò mí bí ẹni pé mi ò sí nídìí iṣẹ́ náà láti ọjọ́ yìí. Ó ní kí n lọ pín àwọn fọ́tò náà sí ńlá àti kékeré kí n tó kà wọ́n. Àǹtí, ẹ rántí bí Màmá ṣe máa ń ṣe obì kí wọ́n tó lọ bá àwọn oníbàárà wọn ní Sábó. Wọn kò jẹ́ dúnàádúrà apẹ̀rẹ̀ kankan láìkọ́kọ́ ṣa ńlá kúrò nínú wẹ́wẹ́. A jókòó ti Màmá ṣe é láti kékeré, mo sì débí, mo da ohun gbogbo pọ̀ mọ́ra. Nígbà tí mo ṣà wọ́n, mo rí i. Àwọn òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń gbé lọ sínú omi. Àwọn ńlá tó yọ ẹ̀ka, ọ̀dọ̀ ọ̀bẹ ni wọ́n ń kó wọn lọ, torí pé àwọn ló le. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi dà bí ẹni pé ó ń borí. Nínú àwọn ńlá díẹ̀ tí wọ́n dán wò lábẹ́ ẹ̀rọ, àfọ́kù rẹ̀ há sí wọn nínú, wọ́n padà là wọ́n náà ni. Àwọn tí wọ́n tètè là ló bọ́.

Ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, torí inú ń bí mi pẹ̀lú. Nígbà tí Màmá kú, ẹ ti sin wọ́n kí ìwé yín tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní kò sí ohun tí mo fẹ́ wá ṣe. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìwé tó ń ti ilé wá, ẹ ti ṣe é tán, ẹ ti pinnu tán, kí n kàn mọ̀ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo ní ohun kan lọ́wọ́ tí ilé kò ní. Mo mọ̀ pé bí ọ̀gá bá rí fọ́tò náà ó lè sọ pé rárá. Mi ò fẹ́ gbọ́ rárá. Mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí mi láti oṣù Kejì.

Ẹ kọ̀wé sí mi kíákíá. Bí ohunkóhun bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má fi pamọ́ fún mi lọ́tẹ̀ yìí.

Dọ̀tun.


Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ,
16 Sẹ̀tẹ́ńbà, 1985.

Olúdọ̀tun,

Pàpá wà láàyè. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí o lè mí.

Wáyà rẹ dé nígbà tí a ti kúrò nílé, ọkọ mi ló gbà á. Mi ò dúró dè ọ́. Nígbà tí mo dé Irolu tí mo rí i pé Pàpá kò mọ̀ mí mọ́ dáadáa, mo sáré lọ sí ìkóríta Ṣàgámù lọ wá ọkọ̀. Wo ẹni tí mo bá pàdé níbẹ̀: Fàsásì. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn ṣí ilẹ̀kùn Píjò rẹ̀. A dé ilé oko, ó wọlé láti bá mi gbé aláìsàn, ó sì rí arúgbó kan tó ń gbọ̀n nínú kóòtù òtútù. Ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Ìyáàfin, ṣé èyí kọ́ ni Pàpá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù?" Pàpá lajú, ọgbọ́n orí rẹ̀ padà wálé fún ìṣẹ́jú yẹn. Ó ní, "Èmi náà ni. Máa wakọ̀."

A dé Ìbàdàn. Mo rò pé Fàsásì á já wa sílẹ̀ kó sì bú wa, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kò lọ. Ó jókòó tì mí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi la Pàpá, lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ bá Dókítà Owólabí, ó ní kó wo ti òun náà. Wọ́n ti yọ tiẹ̀. Ó kéré. Òun gan-an, bóyá ẹ̀rọ yín ì bá fọ́ ọ o! Ó ti padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀.

Ti Pàpá kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà Owólabí jáde, ó jókòó kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní bí ó bá jẹ́ oṣù Kẹta ni, òkúta nìkan ni òun ì bá yọ, kí òun sì rán ojú rẹ̀ padà. Ní báyìí, kíndìnrín òsì náà ti kún fún ọyún, kò sí ohun tí òun lè dá sí nínú rẹ̀. Ó yọ ọ́ mọ́ òkúta. Kíndìnrín kan ṣoṣo ni bàbá rẹ fi ń gbé ayé lónìí, wọ́n sì ní kí a máa ṣọ́ ọ bí ẹyin.

Ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ tó lè rìn, ó ní kí n gbé òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn èèyàn rọ́ pàdé wa, "Ẹ kú àbọ̀, Pàpá, ẹ kú Lọ́ńdọ̀nù!" Ó bọ́ sílẹ̀, ó di ọ̀pá mú, ó lọ síwájú, ó ní, "Irolu ni mo wà. Ìbàdàn ni wọ́n ti là mí. Mi ò rí omi kankan." Ó padà wá jókòó. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Fíkà ti ní kó má ka ẹ̀kọ́ mọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni mo ti ń gbọ́ ohùn Pàpá níbi tábìlì ìkàwé yẹn. Orí ìjókòó ẹ̀yìn ló wà báyìí, ẹlòmíràn ń kà á, ó sì ń ṣi í kà, Pàpá á kàn máa wo ilẹ̀. Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ti ń jiná. Ìyẹn kò tíì jiná.

Ó ní kí n má bá ọ wí mọ́, pé ìwọ kò mọ̀ọ́mọ̀, pé òun náà fẹ́ràn kóòtù náà jù. Ó ti dárí jì ọ́. Èmi ò tíì dé ibẹ̀, mi ò sì ní purọ́ fún ọ pé mo ti dé ibẹ̀, irọ́ ti tó nínú ilé yìí. Ọ̀rọ̀ Màmá tí o kọ, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni. Ó yẹ kí a ti dúró dè ọ́, èmi ni mo ní kí wọ́n má dúró. Ṣùgbọ́n òkú ni Màmá nígbà yẹn, Dọ̀tun. Pàpá wà láàyè nígbà tí o fi fọ́tò rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Pàpá ń bèèrè ìgbà tí o máa wá. Wá ní Kérésì. Màá se oúnjẹ fún ọ, màá sì bá ọ jà lójúkojú, ó sàn ju ìwé lọ.

Yétúndé tún ń padà bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ó ń mú ẹrù kékeré kan bọ̀ fún ọ, mo fi aṣọ funfun dì í. Òkúta Pàpá ni. Dókítà Owólabí fọ̀ ọ́ fún wa, gbogbo ọmọ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Pàpá fẹ́ fi tẹ ìwé mọ́lẹ̀ bí ó ti máa ń sọ, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi. Gbé e sínú omi yín, kí ẹ̀rọ náà lù ú. Bí ó bá fọ́, kọ̀wé sí mi. Bí kò bá fọ́, gbé e sórí tábìlì tí o ti ń to fọ́tò, kí o máa wò ó kí o tó kọ̀wé sí bàbá ẹnikẹ́ni mọ́.

Láídé.